Sàráà Lórí Ìdajì Ìròyìn

Ó ti sú mi. Mo fẹ́ kẹ́ni tó bá ń ka èyí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà di pé mò ń ráhùn jù. Ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè kan ló sọ mí dà báyìí. Wọn ò parọ́ mọ́ mi, wọn ò bú mi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ. Wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, wọ́n wá ti ìyókù mọ́lé, wọ́n ní kí n sanwó kí n tó rí i.

Mi ò sì lè san án. Kì í ṣe ahun o. Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà káàdì báǹkì mi sí i, wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Mo yá ti ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ìyẹn náà ò lọ. Nígbà tí mo dé báǹkì, ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní káàdì náírà mi ò lè ná owó òkèèrè, àfi kí n lọ ṣí àkáǹtì dọ́là, kí n wá ẹlẹ́rìí wá, kí n mú ìwé iná mànàmáná wá. Mo ní nítorí kí n lè ka ìròyìn kan ṣoṣo? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mo bínú jáde.

Àbúrò mi ló wà nínú ìròyìn náà. Òun ni ìyá wa bí tẹ̀ lé mi. Aránṣọ ni ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, títí ẹnì kan fi wá sọ fún un pé wọ́n ń wá aránṣọ nílẹ̀ Lárúbáwá. Ó débẹ̀, kò bá máṣìnnì kankan. Inú ilé onílé ni wọ́n fi í sí, ó ń fọlẹ̀, ó ń gbọ́mọ, kò sì gbọ́dọ̀ yọjú síta. Ó kọ́kọ́ máa ń pè wá dáadáa. Nígbà tó yá, ìpè náà ń jìnnà síra. Láti ṣáájú Iléyá èṣí la ò ti gbóhùn rẹ̀ mọ́ rárá. Ẹni tó mú un lọ ti kó kúrò níbi tá a mọ̀ ọ́n sí, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Ìyá wa, tí wọ́n ń ta rọ́bà lọ́jà Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kẹ́ẹ̀gì, kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn máa ń gbé fóònù wọn dání lọ sí balùwẹ̀ ni, kó má baà jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni ọmọ náà máa pè.

Ọ̀yọ́ lèmi ń gbé, mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Mo wà nínú yàrá àwa olùkọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ẹnì kan nínú àwọn tá a jọ jáde ilé ìwé girama fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí gúrúùpù wa. Àwọn obìnrin kan jókòó sórí ẹní nínú gbọ̀ngàn, wọ́n borí, gbogbo wọn fọwọ́ bojú. Ẹni tó wà létí ògiri nìkan ni kò bojú ní tiẹ̀. Àpá kan wà lókè ìpéǹpéjú rẹ̀, níbi tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ti jó o nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Mo mọ àpá yẹn. Èmi ni mo fi oyin sí i lọ́jọ́ náà, tó ń fi ẹsẹ̀ ta mí. Mo fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, mo tún gbé e.

Líǹkì wà lábẹ́ àwòrán náà, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n tì mọ́ inú ilé ti gba ìdáǹdè, pé wọ́n ti ń ṣètò ọkọ̀ òfuurufú fún wọn, pé púpọ̀ nínú wọn ò ní pẹ́ máa lọ sílé. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣùgbọ́n. Lẹ́yìn ṣùgbọ́n yẹn, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ó ń ṣá lọ títí ojú ìwé fi funfun, àpótí kan wá yọ. Wọ́n kí mi káàbọ̀ nínú àpótí náà, wọ́n ní tí mo bá fẹ́ kà á tán, kí n wá sanwó.

Mo pe ìyá mi lójú ẹsẹ̀. Ta ni ò ní pè? Mo ní a ti rí i, pé ó wà láàyè, pé wọ́n ti tú wọn sílẹ̀, pé wọ́n ní púpọ̀ wọn ń bọ̀ nílé. Mo sọ fún wọn pé mi ò tíì rí i kà tán. Mo sọ ọ́ o, Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pariwo Alihamudu lilahi, wọ́n ti ń pe àwọn tí wọ́n jọ ń tajà, mo sì ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn tó ń sáré bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo di fóònù mú sétí lásán, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Bàbá wa, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, kò ra ìwé ìròyìn rí láyé wọn, kò sì sí ìròyìn tí wọn ò kà. Lọ́wọ́ ìdájí tí wọ́n bá kírun Àsùbáà tán, ọ̀dọ̀ oníwèé ìròyìn ní Takie ni wọ́n máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọkùnrin á dúró, wọ́n á kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa ka ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n á máa jà sí i. Tí oníwèé bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ká ẹnì kan lára, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí onítọ̀hún ṣí inú rẹ̀ wò, bó bá ṣáà ti lè ká a padà bó ṣe wà. Èèyàn ni oníwèé ìròyìn yẹn, ó lójú, èèyàn lè bẹ̀ ẹ́. Àpótí orí fóònù tèmi ò lójú, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ṣe. Ọ̀gá kan tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa ní bọ́tìnnì kan wà tó máa ń bọ́ gbogbo ìpolówó ọjà kúrò lójú ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìpolówó lọ, lẹ́tà tóbi, ó dúdú, ó dùn ún kà, ó sì dúró gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ṣùgbọ́n. Ọ̀gá náà ní kí n gba fèrèsé ìkọ̀kọ̀ orí fóònù wọlé, pé ibẹ̀ ni wọn ò ti ní mọ̀ pé mo ti wá rí, wọ́n á ṣe mí lálejò. Àlejò kọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú bákan náà. Ó wá ní ọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde kí àpótí tó bò ó, kí n tètè dá ojú ìwé náà dúró kí àpótí tó dé. Ìyẹn dáa fún àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú wọn ń sáré. Ní Ọ̀yọ́ níbí, àpótí ló ń kọ́kọ́ dé, ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò nílé. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá géètì, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti sàn díẹ̀, mò ń tẹ̀, mò ń dá a dúró, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kí mi, mi ò dáhùn.

Ọ̀gá náà tún ní ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn máa ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ìwé sí. Mo lọ síbẹ̀, mo sì bá a. Mo ṣí i, mo kà á dé ṣùgbọ́n, ó tán. Ẹni tó tọ́jú ẹ̀dà yẹn pamọ́, òun náà ò sanwó. Mo rẹ́rìn-ín, èyí tí mo kọ́kọ́ rín láti ọjọ́ tí àwòrán yẹn ti dé. Mo tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ torí wọ́n ní ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ á ka díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Irú ìròyìn yẹn ò sí lára ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Láràárọ̀ báyìí, wọ́n ń sọ fún mi bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí nílùú wọn. Mo mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀ nílùú tí mi ò ní dé láyé mi.

Níbi tí mo ti ń ṣe gbogbo èyí ni ìyá mi ti pè mí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni sàráà. Wọ́n ti sọ fún àwọn Ààfáà àdúgbò. Mo ní Ìyá, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, mi ò tíì mọ èyí tó kù níbẹ̀. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ mọ̀ tó ju pé ọmọ wà láàyè, ó sì ń bọ̀? Wọ́n ní èèyàn kì í dákẹ́ sí oore Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ní èmi ni mi ò fẹ́ kí àbúrò mi dé. Mo ní ó dáa mà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti dín àkàrà, wọ́n ti dín mọ́sà, búrẹ́dì wà nílẹ̀. Àwọn Ààfáà ṣàdúà fún un dáadáa. Ìyá kan tó ń ta ìkòkò irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ké Halelúyà tiẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó bá a wí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ń sọ pé ẹ kú oríire. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohun tó máa mú bọ̀. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá dé, kò gbọ́dọ̀ wọlé lásán: gèlè ni, tẹ̀sùbáà ni, ẹní ìkírun ni, dàbínù ni, àwọn tó rí jájẹ tiẹ̀ ń mú gólù bọ̀. Ẹnì kan ní gèlè aláwọ̀ ewé lòun fẹ́. Ẹnì kan ní tẹ̀sùbáà tòun ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti rọ́bà, torí rọ́bà ti pọ̀ nílé ìyá rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín gidi. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kọ́mọ sinmi ná. Wọ́n ti kó gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún yàrá àbúrò mi jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ti ta kọ́tìnì tuntun síbẹ̀.

Mi ò padà sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láìbìrì ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níbẹ̀, mo bi í bóyá wọ́n máa ń san owó ìwé ìròyìn náà. Ó ní àwọn jọ́nà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ làwọn ń sanwó fún, àwọn yẹn gan-an, wọn ò tíì san ti ọdún yìí. Ó bá mi gbìyànjú ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wọn títí iná fi lọ. Nínú òkùnkùn yẹn ló ti bi mí pé ṣé mi ò tíì kọ̀wé sí ẹni tó kọ ìròyìn ọ̀hún ni? Ó ní ohun táwọn tó ń ṣèwádìí máa ń ṣe nìyẹn, pé ẹni tó kọ nǹkan kì í sábà fi í du ẹni tó bá fẹ́ kà á. Orúkọ obìnrin náà àti ímeèlì rẹ̀ wà lókè ìròyìn láti ọjọ́ yìí, mi ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo kọ ọ́: mo ní ẹni tí kò bojú nínú àwòrán yín, àbúrò mi ni, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mọ èyí tó kù.

Ó dá mi lóhùn nígbà tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. Ó ní kí n má bínú, òun kọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn. Ó fi ìròyìn náà ránṣẹ́ lódindi. Ó ní òun ò tíì tún rí àbúrò mi, ṣùgbọ́n obìnrin kan nílé tí wọ́n kó wọn sí mọ ibi tó wà, ó sì lè jíṣẹ́ fún un. Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níwájú mi, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kà á.

Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn kọ̀ láti lọ sílé. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Aránṣọ kan láti ìhà ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, tó ní àpá lókè ojú, sọ pé òun ò lọ. Ó ti rí ilé mìíràn tí á ti máa ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, ẹni tó kọ ìròyìn náà sì sọ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá onílé ọ̀hún sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Wọ́n kọ èsì tó fún wọn síbẹ̀. Mo kà á, mo tún kà á, mo wá gbé orí lé tábìlì. Inú bí mi sí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀, inú sì bí mi sí i, mi ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹnì kan wọlé, ó bi mí bóyá ara mi ò yá, mo ní ó kàn rẹ̀ mí ni.

Mo rò ó pé kí n fi í pamọ́ fún ìyá mi. Èmi nìkan ló rí i kà, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n wọ́n á máa wojú ọ̀nà, wọ́n á máa gbá yàrá yẹn láràárọ̀. Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀, mo lọ. Ojú ọ̀nà rí bó ṣe máa ń rí, kòtò, tírélà, dẹ́rẹ́bà tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo fẹ̀gbẹ́ gba àárín àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń to abọ́ tí wọ́n máa gbé lọ sí Takie. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo ní Ìyá, kò bọ̀. Mo ní ó wà láàyè, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò bọ̀ nílé.

Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n jókòó. Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn, mo sì ń kà á, mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá bí mo ṣe ń lọ, látorí ṣùgbọ́n títí dé ìparí. Wọ́n ní kí n tún ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kà. Mo tún un kà.

"Tí mo bá délé, wọ́n á bi mí pé kí ni mo mú bọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò pé mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí mo bá ní nǹkan lọ́wọ́, màá lọ."

Ìyá mi ní ọmọ náà gan-an ni, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Oníbàárà kan yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ń bèèrè kẹ́ẹ̀gì, wọ́n dìde, wọ́n tà á fún un, ẹni yẹn kí wọn kú oríire ọmọ tó ń bọ̀, wọ́n ní a dúpẹ́ o. Ó dùn mí débi pé mi ò lè wojú wọn. Nígbà tí wọ́n padà jókòó, wọ́n ní àwọn ni wọ́n bá a lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ tó ń lọ, pé yẹtí gólù làwọn ní kó mú bọ̀ fáwọn. Wọ́n ní eré làwọn fi ṣe. Wọ́n fọwọ́ kan etí wọn.

Wọ́n wá bi mí bóyá obìnrin tó kọ ìròyìn yẹn ṣì lè rán ọ̀rọ̀ sí i. Mo ní ó ní ó ṣeé ṣe. Wọ́n ní kí n mú fóònù mi jáde, kí n kọ ohun tí àwọn bá sọ, kí n má fi òyìnbó sí i, torí ẹni tí àwọn ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́ Yorùbá.

"Sọ fún un pé kó máa bọ̀. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló mú bọ̀, kó ní ìyá òun ló ní kóun má mú nǹkan kan bọ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀, mo jáde síta, mo gbé fóònù sókè níwájú ilé, àwa méjèèjì dúró níbẹ̀ títí ó fi lọ.